Lẹ́yìn Oyè Ọ̀mọ̀wé: Bí A Ṣe Ń Wá Iṣẹ́ Postdoc Nínú Bàọ́tẹkinọ́lọ́jì àti Bàọ́lọ́jì Oníkọ̀ǹpútà Láti Òṣogbo

Bí ẹ bá yà sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ńlá kan nítòsí Ọjà Ọba ní Òṣogbo, ẹ lè bá irú òṣìṣẹ́ mẹ́ta níbẹ̀: ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ tó ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di bọ́tìnnì, àti ẹnì kan láàárín àwọn méjèèjì, tó ti gba fúrídọ̀mù, tó lè gé aṣọ kó sì rán an parí láìsí pé ẹnikẹ́ni dúró tì í, ṣùgbọ́n tí kò tíì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Jánímáànù ni wọ́n ń pe ẹni yìí. Nínú gbogbo àpèjúwe tí mo ti gbọ́ nípa postdoc, òun ló sún mọ́ ọn jù lọ. Ẹni tó ń ṣe postdoc ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó ti fi hàn pé òun lè dá ìwádìí ṣe, ó wá lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn. Ó ń gba owó oṣù, ó ń kọ́ ọnà tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ó sì ń tọ́jú owó ẹ̀rọ tirẹ̀. Jánímáànù tó bá gbàgbé pé ẹ̀rọ ni òun ń tọ́jú owó rẹ̀ lè hu ewú sí ṣọ́ọ̀bù ọlọ́ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin tí mo ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ni ẹ̀yin tí ẹ ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, tàbí tó kù díẹ̀ kí ẹ gbà á, nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, yálà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí ní Òkè-Baálẹ̀, ní Yunifásítì Fountain, ní Ẹdẹ, ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, ara rẹ̀ sì ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù ti jáde: ẹ mú ìbéèrè, ẹ mú ọ̀gá, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó mú orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gba ẹ̀yìn wọ ọ́. A ti mú Kánádà tàbí Jámánì kí a tó bi ara wa pé kí ni a fẹ́ lọ mọ̀ níbẹ̀, ẹni tí a sì ń bẹ̀ kó gbà wá síṣẹ́ a máa rí i nínú lẹ́tà wa pé físà ló jẹ wá lógún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ilẹ̀kùn tí ẹ ó gbà jáde kí ẹ tó wọlé

Iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni postdoc. Àdéhùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọdún kan sí mẹ́ta, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n sọ ọ́ dọ̀tun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ẹ fẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀ ló yẹ kó sọ irú èyí tí ẹ ó ṣe, tàbí bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí ẹ ṣe é rárá.

Nàìjíríà kò fi postdoc sórí àkàbà ipò olùkọ́ yunifásítì. Graduate Assistant ló wà nísàlẹ̀, Assistant Lecturer tẹ̀ lé e, ẹni tó bá sì ti ní PhD, ìyẹn oyè ọ̀mọ̀wé, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Lecturer II. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ń wá ni iṣẹ́ olùkọ́ ní Òṣogbo tàbí ní Ilé-Ifẹ̀, kò sí òfin tó ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe postdoc. Ohun tí yóò fún yín ni ọgbọ́n iṣẹ́, àpilẹ̀kọ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ tí yóò bá yín béèrè owó ìwádìí lọ́jọ́ iwájú. Ní Amẹ́ríkà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni di olùkọ́ tó ní láàbù tirẹ̀ nínú bàọ́lọ́jì láìṣe postdoc. Ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn tàbí irúgbìn, ẹni tó mọ kóòdù kọ dáadáa lè wọlé tààrà lẹ́yìn PhD, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ lórí sẹ́ẹ̀lì sábà máa ń rí i pé ìrírí ọdún díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè.

Ilẹ̀kùn mìíràn wà tí a kì í ka sí. Ẹ̀wà SAMPEA 20-T, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 2019, ni ẹ lè fi wò ó. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ló ṣe é, jíìnì tí wọ́n mú láti ara bakitéríà Bacillus thuringiensis ló sì ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ kòkòrò Maruca tó ń gbẹ́ èèpo ẹ̀wà. Ẹni tó fi jíìnì náà sínú ẹ̀wà nìkan kọ́ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Ẹnì kan gbìn ín wò lóko fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnì kan kọ ìwé ààbò rẹ̀, ẹlòmíràn sì jókòó ní àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti yẹ ìwé náà wò. Iṣẹ́ gidi ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń fẹ́ ẹni tó ní PhD.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ́ ọnà kejì kí ẹ tó kúrò nílé

Ibí ni mo fẹ́ kí a pẹ́ sí jù, nítorí ibí ni ẹni tó wà ní Òṣogbo ti lè fún ara rẹ̀ lágbára láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ láàbù àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti di ìbejì. Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna tẹ iṣẹ́ wọn lórí CRISPR, irinṣẹ́ tí a fi ń gé jíìnì, jáde ní ọdún 2012, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2020. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lo irinṣẹ́ náà lónìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà wá gbogbo ibòmíràn nínú jẹ́nóòmù (gbogbo DNA inú ohun ẹlẹ́mìí kan) tí ọ̀bẹ rẹ̀ lè ṣì gé. David Baker, Demis Hassabis àti John Jumper gba Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2024 nítorí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lórí ìrísí purotéènì. Síbẹ̀, purotéènì tí ẹnì kan yà sórí kọ̀ǹpútà kò tíì di oògùn títí ẹlòmíràn yóò fi ṣe é jáde nínú bakitéríà, tí yóò sì dán an wò. Ẹni tó lè bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀ ni àwọn ọ̀gá ń wá.

Owó oògùn láàbù kò jẹ́ kó rọrùn láti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ níbí. Ní ti kọ̀ǹpútà, ohun èlò ti wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìsọfúnni jíìnì wà ní GenBank àti ní SRA, ti purotéènì wà ní UniProt, ibi ìpamọ́ AlphaFold, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ bí purotéènì ṣe rí, sì ní ìrísí purotéènì tó lé ní mílíọ̀nù 200. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá lágbára, ojúlé Galaxy yóò bá yín ṣe iṣẹ́ náà lórí sáfà tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí à ń lò láti ọ̀nà jíjìn, láìgba kọ́bọ̀. H3ABioNet, ẹgbẹ́ àwọn oníbàọ́lọ́jì oníkọ̀ǹpútà ní Áfíríkà tí Nicola Mulder darí láti Yunifásítì Cape Town, ti fi kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ tó ń jókòó tì wọ́n ní ìlú wọn.

Ẹ má ṣe fi jẹ́nóòmù ènìyàn bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà DNA (A, C, G àti T) inú rẹ̀ tó bílíọ̀nù mẹ́ta, bí wọ́n bá sì ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìgbà ọgbọ̀n, fáìlì ẹnì kan ṣoṣo lè kún láptọ́ọ̀pù, yàtọ̀ sí owó dátà tí yóò jẹ. (Ọ̀rọ̀ “dátà” yìí kan náà ń dà wá láàmú: ọ̀dọ́ kan béèrè lọ́wọ́ mi rí pé mélòó ni mo máa ń rà á lóṣù, ti ìwádìí ni mo sì ń sọ.) Ẹ mú Plasmodium falciparum, kòkòrò tó ń fa ibà. Nǹkan bí mílíọ̀nù 23 lẹ́tà ló ní, lórí kúrómósóòmù 14, kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti ènìyàn. Ọdún 2002 ni wọ́n ti tẹ jẹ́nóòmù rẹ̀ jáde, láptọ́ọ̀pù tó ní 8GB lè gbé e, MalariaGEN, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí jíìnì ibà, sì ti kó ìsọfúnni nípa àyẹ̀wò tó lé ní 20,000 síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àìsàn tiwa ni: ẹ mọ ìbéèrè tó yẹ kí ènìyàn bi í ju ẹni tí ẹ̀fọn kò jẹ rí lọ. Kí ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́tà rẹ̀ ló jẹ́ A àti T, èyí sì máa ń jẹ́ kí irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ènìyàn ṣì í gbé. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé bí òun ṣe yanjú ìyẹn ti ní ọ̀rọ̀ gidi láti sọ níwájú ọ̀gá.

Ní ti ètò ẹ̀kọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń kọ àṣẹ sí Linux, kí ẹ wá mú èdè kóòdù R tàbí Python, ọ̀kan ná. Ẹni tó bá mú R yóò rí Bioconductor, àkójọ irinṣẹ́ bàọ́lọ́jì, lò. Ẹ fi Git pa kóòdù yín mọ́ láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì fi Nextflow tàbí Snakemake, tó ń so ìgbésẹ̀ iṣẹ́ pọ̀, sí ìkẹyìn. Mo ń rí àwọn tó ń sáré lọ sí ẹ̀kọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń dá kọ́ nǹkan nígbà tí wọn kò tíì mọ ìṣirò ìpìlẹ̀. Àpẹẹrẹ kan tó: bí ẹ bá dán jíìnì 20,000 wò pẹ̀lú òṣùwọ̀n 0.05 (ìyẹn, kí èèṣì tàn wá jẹ ní ìgbà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún), nǹkan bí 1,000 nínú wọn ni yóò dà bí ẹni pé ó ní ìtumọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń ṣàtúnṣe sí èyí yóò kọ àpilẹ̀kọ nípa afẹ́fẹ́.

Iná mọ̀nàmọ́ná kò gbọdọ̀ dá yín dúró. Ẹ fi ètò tmux ṣí iṣẹ́ yín lórí sáfà, kí iṣẹ́ máa lọ níbẹ̀ bí láptọ́ọ̀pù yín tilẹ̀ kú ní Òkè-Fìà. Ẹ fi àṣẹ wget -c fa fáìlì ńlá, nítorí ibi tó dúró sí ni yóò ti tẹ̀síwájú nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà dé, kí ẹ sì fi md5sum wò ó bóyá ó dé pé. Fáìlì tó já ní àárín kì í sọ pé òun ti já. Èsì tí kò bá ara mu ni yóò gbé fún yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé irú iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe ní agbègbè wa, ẹ ní kó wo Ẹdẹ, níbi tí ọkọ̀ kan péré ń gbé wa dé láti Òṣogbo. Ibùdó ACEGID, ti ìwádìí jíìnì àwọn àrùn àkóràn, tí Christian Happi darí ní Yunifásítì Redeemer’s ni wọ́n ti ka jẹ́nóòmù kòrónà ní oṣù kẹta ọdún 2020, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ lọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n mọ ojú yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ní iṣẹ́ kan tí ènìyàn lè ṣí wò

Àpilẹ̀kọ kan tí orúkọ yín ṣáájú nínú rẹ̀ (ibẹ̀ ni a ń fi ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà jù sí), tó sì dúró dáadáa, sàn ju mẹ́wàá lọ ní jọ́nà agbowó-tẹ̀wé, èyí tí ìgbìmọ̀ ìgbanisíṣẹ́ máa ń dá mọ̀ láti orúkọ rẹ̀. Bí jọ́nà bá ń pẹ́, ẹ gbé àpilẹ̀kọ náà sí bioRxiv, ojúlé tí à ń gbé àpilẹ̀kọ sí kí jọ́nà tó tẹ̀ ẹ́, tó wà láti ọdún 2013 fún irú ìdí bẹ́ẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ORCID, tí a fi ń dá olùwádìí kọ̀ọ̀kan mọ̀, kí ẹ sì gbé kóòdù yín sí GitHub pẹ̀lú àlàyé tí àjèjì lè tẹ̀ lé. Orúkọ wa fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú: ẹni tó jẹ́ Adébáyọ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan, tó di Bayo nínú èkejì, tó tún fi orúkọ ọkọ kún ẹ̀kẹta, ti pín ara rẹ̀ sí mẹ́ta lójú ẹni tó ń wá a.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yan ọ̀gá

Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ ní gbólóhùn méjì, kí ẹ wá ẹni mẹ́wàá lágbàáyé tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Mẹ́wàá tó. Ẹ lọ sí PubMed, ojúlé tí a ti ń wá àpilẹ̀kọ, kí ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kí ẹ má sì wo àkọlé nìkan: ta ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú? Ṣé àwọn postdoc ni, àbí orúkọ ọ̀gá ló ń wà níbi gbogbo? Àwọn tó ti kúrò níbẹ̀, níbo ni wọ́n wà báyìí? Ẹ kọ̀wé sí ẹni méjì nínú àwọn tó ti kúrò, nítorí ẹni tó ti jáde kò bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí láàbù yóò ní àkókò fún yín, àṣeyọrí tirẹ̀ sì so mọ́ tiyín. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lè tán. Ọ̀gá ńlá ní owó àti orúkọ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ẹ ó máa fojú kàn án. Bí ó bá jẹ́ èmi, n ó yan ẹni tó ti lo nǹkan bí ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá.

Ewu kan wà fún oníkọ̀ǹpútà tó bá wọ láàbù tó kún fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Òun nìkan ló mọ kóòdù, nítorí náà ó di ọmọ tí gbogbo agbolé ń rán níṣẹ́: ẹni yìí ní kó bá òun yẹ èsì wò, ẹni yẹn ní kó bá òun ya àwòrán, ọdún méjì kọjá, orúkọ rẹ̀ wà nínú àpilẹ̀kọ mẹ́jọ, kò sì síwájú nínú ọ̀kankan. Ẹ béèrè ṣáájú iye àkókò tí yóò jẹ́ ti ìwádìí tiyín, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Lẹ́tà náà

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láì béèrè àlàáfíà ilé, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹ̀kọ́ dáradára ni, ṣùgbọ́n kò bá ẹni tí lẹ́tà ń ya lù láràárọ̀ mu. Lẹ́tà mẹ́rìndínlógún ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, gbogbo wọn ló sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni ìlà mẹ́ta, àdúrà fún ẹbí ọ̀gá náà, àti gbólóhùn kan tó ní láàbù rẹ̀ ni ó dára jù lágbàáyé. Kò sí ẹni tó dáhùn. Nígbà tí mo kọ ìkẹtàdínlógún, àwòrán kẹrin nínú àpilẹ̀kọ ọ̀gá náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ohun tí kò yé mi nínú rẹ̀, àti bí mo ṣe rò pé a lè dán an wò. Láàárín ọjọ́ méjì ni èsì dé.

Ẹ kọ orúkọ oyè rẹ̀ dáadáa. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ni ìbéèrè tó bí láti inú iṣẹ́ rẹ̀. Ìkejì ni ohun tí ẹ ti ṣe, pẹ̀lú ìlujá sí àpilẹ̀kọ àti kóòdù. Ìkẹta ni ohun tí ẹ fẹ́ àti ìgbà tí ẹ fẹ́ ẹ: oṣù tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀, àti irú owó ìwádìí tí ẹ fẹ́ béèrè fún pẹ̀lú rẹ̀. Kó má kọjá ojú ìwé kan. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Lẹ́tà ẹ̀rí ń fẹ́ ọgbọ́n tiwa. Àwọn ọ̀gá wa kan máa ń sọ pé kí a kọ ọ́ fúnra wa kí àwọn wá fọwọ́ sí i, lẹ́tà mẹ́ta yóò sì wá jọ ara wọn bí ìbẹ́ta. Ẹ gbé ojú ìwé kan tí kókó iṣẹ́ yín wà nínú rẹ̀ lọ bá Prófẹ́sọ̀ ní ọ́fíìsì wọn, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí lára mi ni wọ́n fẹ́ gbọ́, ìrántí ni èyí.” Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi àdírẹ́sì ímeèlì yunifásítì ránṣẹ́, nítorí àdírẹ́sì lásán máa ń mú ìfura wá. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ tó ṣáájú gbèdéke gidi pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan, nítorí ìpàdé Sẹ́nẹ́ẹ̀tì yunifásítì kì í tán bọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Owó

Ọ̀nà méjì ló wà: kí ọ̀gá fi owó ìwádìí tirẹ̀ gbà yín síṣẹ́, tàbí kí ẹ gba owó tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ yá. Ti ìkejì máa ń fún yín lómìnira, ó sì máa ń tẹ̀ lé yín lọ nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ yín.

Owó postdoc Marie Skłodowska-Curie ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò ka orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá sí, bó bá jẹ́ Yúróòpù ni ó ń lọ. Ohun tó ń wò ni pé kí ẹ ti ní PhD, kí ẹ má tíì lò ju ọdún 8 lọ nínú ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ má sì ti gbé ju oṣù 12 lọ ní orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú gbèdéke. EMBO, ẹgbẹ́ àwọn oníbàọ́lọ́jì ní Yúróòpù, ń sanwó fún ọdún méjì, ó sì ń fẹ́ ó kéré tán àpilẹ̀kọ kan tí orúkọ yín ṣáájú. Human Frontier Science Program, ètò àgbáyé fún ìwádìí ohun ẹlẹ́mìí, ń sanwó fún ọdún mẹ́ta, ó sì ní ẹ̀ka ọ̀tọ̀ fún ẹni tí PhD rẹ̀ jẹ́ ti físíìsì, ìṣirò tàbí kọ̀ǹpútà, tó fẹ́ kọjá sí bàọ́lọ́jì. Àwọn oníṣirò wa kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, owó F32 ti NIH, àjọ ìjọba tó ń sanwó ìwádìí ìlera, wà fún ọmọ onílẹ̀ àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé nìkan, ṣùgbọ́n K99/R00 ṣí sílẹ̀ fún àjèjì: ọdún méjì lábẹ́ ọ̀gá, ọdún mẹ́ta nínú láàbù tiyín. Kí ẹ lè fi díwọ̀n owó oṣù tí wọ́n bá fi lọ̀ yín, iye tí NIH là sílẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ postdoc lábẹ́ ètò rẹ̀ ní ọdún ìṣúná 2024 jẹ́ dọ́là 61,008 lọ́dún. Níbí, olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba lè béèrè lọ́dọ̀ TETFund, àjọ ìjọba tó ń sanwó fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí òfin ọdún 2011 gbé kalẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn owó wọ̀nyí ló ń ka ọjọ́ láti ìgbà tí ẹ gba PhD, ibẹ̀ sì ni a ti ń ṣubú. Ọjọ́ ìgbèjà ìwé, ọjọ́ tí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì fọwọ́ sí i àti ọjọ́ ayẹyẹ ìgboyè lè jìnnà síra wọn ní ọdún kan ní ilẹ̀ wa. Ẹ ka òfin ètò kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ń kà, kí ẹ sì gba ìwé èsì tí ọjọ́ náà wà lórí rẹ̀ kí akọ̀wé tó mọ̀ yín tó fẹ̀yìn tì.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Wọn yóò ní kí ẹ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yín fún bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, kí ẹ tó bá àwọn ará láàbù sọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àwòrán ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ ṣáájú, kí ẹ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì nílẹ̀, kí ẹ sì ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì níwájú ẹni tó lè sọ òótọ́ fún yín.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ̀yin náà bi wọ́n léèrè: owó tí wọn yóò fi san mí, ìgbà wo ni yóò tán? Ta ni yóò san owó títẹ àpilẹ̀kọ? Bí mo bá ń lọ, èwo nínú iṣẹ́ yìí ni mo lè gbé lọ? N kò béèrè ti ìkẹyìn yìí nígbà tèmi. Ó rí bí ẹni pé ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílé ti ń béèrè ogún. Nígbà tí àdéhùn mi parí, ọ̀gá náà gbé ìbéèrè tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, nígbà tí àpilẹ̀kọ náà sì jáde, ìkẹrin ni orúkọ mi wà. N kò lè pè é ní olè, nítorí a kò sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Físà àti ọ̀rọ̀ ilé

Òfin físà ń yí padà léraléra. Ojúlé ilé-iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè náà ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe aláàárín. Ohun díẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé: físà J-1 ti olùwádìí ní Amẹ́ríkà kò lè ju ọdún 5 lọ, ẹni tó bá sì parí rẹ̀ kò lè padà wọ irú rẹ̀ kan náà kí oṣù 24 tó pé; nígbà mìíràn, ó tún máa ń de ènìyàn láti padà sílé fún ọdún méjì. Òfin Jámánì fi ọdún 6 ṣe gbèdéke àdéhùn onígbà díẹ̀ ní yunifásítì lẹ́yìn PhD, ti ìmọ̀ ìṣègùn sì jẹ́ 9. Bí ẹ bá ti jẹ́ olùkọ́ nílé, ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ sì ka bọ́ǹdì (àdéhùn pé ẹ ó padà wá ṣiṣẹ́) tó bá a rìn títí dé ìlà ìsàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Nígbà tí ẹ bá ti débẹ̀, àti nígbà tí ẹ bá ń bọ̀

Ẹ mú iṣẹ́ méjì: ọ̀kan tí ẹ mọ̀ pé yóò so èso láàárín ọdún kan, àti ọ̀kan tó lè má so rárá ṣùgbọ́n tí yóò mú orúkọ yín jáde bó bá so. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó ṣáájú èyí tí àdéhùn yóò parí ni kí ẹ ti máa wá iṣẹ́ tó kàn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ aládàáni kó rántí pé ilé-iṣẹ́ tuntun lè gòkè kíákíá kó sì wó kíákíá: 54gene, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2019 fún ìwádìí jíìnì ọmọ Áfíríkà, ti pa ilẹ̀kùn dé ní 2023. Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó ọgbọ́n iṣẹ́ wọn dání lọ, nítorí náà ọgbọ́n tó ṣeé gbé lọ síbòmíràn ni kí ẹ máa wò nínú iṣẹ́ tí wọ́n bá fi lọ̀ yín.

Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé lè wo ibùdó tó wà ní Ẹdẹ, IITA (ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀) ní Ìbàdàn àti àwọn yunifásítì. Ṣùgbọ́n kó ti máa tún ìbéèrè rẹ̀ rán láti ọ̀hún. Ìwádìí tó bá dúró lórí fíríjì tó gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 80 nísàlẹ̀ òdo ní gbogbo wákàtí yóò máa jẹ owó dísẹ́ẹ̀lì ní Òṣogbo títí tí owó ìwádìí yóò fi tán. Mo rí ẹni tó kó oògùn láàbù bọ̀ láti òkè òkun, tí wọ́n dá a dúró ní pápákọ̀ òfurufú títí yìnyín inú rẹ̀ fi di omi. Èmi fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀ fún alábàáṣiṣẹ́ kan níbẹ̀ nípa àdéhùn tí a kọ sílẹ̀: òun ń ka àyẹ̀wò, fáìlì ń bọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóru, èmi àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ méjì ń tú u ní Òkè-Baálẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan, ìnfátà kan àti pánẹ́ẹ̀lì oòrùn mẹ́rin. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rà pẹ̀lú owó ìwádìí mi ni bátìrì.